Wọ́n ní kí n fi dátà akẹ́kọ̀ọ́ ṣètò wọ́kṣọ́ọ̀pù fáwọn tíṣà, ibo ni kí n ti mú un?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Community college kan, kọ́léèjì ọlọ́dún méjì, ní Texas níbí ni mo ti ń kọ́ ìṣirò láti ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe kòódínétọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, PD tá a máa ń pè é yẹn. Ọ̀gá wa ní wọ́kṣọ́ọ̀pù tá à ń ṣe ò wúlò mọ́, dátà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí n fi yan ohun tá a máa kọ́ àwọn tíṣà lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n wá fi fáìlì Excel kan ránṣẹ́ sí mi, ó ju ilà 300 lọ, orúkọ tíṣà, orúkọ koòsì, iye ọmọ tó gba D, iye tó gba F, iye tó já koòsì sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn tá a jọ ń jẹun ọ̀sán ló wà níbẹ̀, èmi gan-an wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé. (Ẹ̀yin lẹ pè mí ní ẹ̀gbọ́n ni mo ṣe ń pè yín ní àbúrò o, ṣùgbọ́n a ò tíì ríra rí, "ẹ" náà ni màá máa lò.) Iṣẹ́ kíkó dátà akẹ́kọ̀ọ́ jọ ni mo ń ṣe ní kọ́léèjì kan ní Maryland níbí, ó ti ń lọ sí ọdún kẹrìndínlógún báyìí, àwa gan-an la máa ń ṣe irú fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín yẹn. Torí náà ohun tí màá kọ́kọ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ pa á dé ná. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, ẹ má sì tò ó láti orí ẹni tó burú jù dé orí ẹni tó dáa jù, mo mọ̀ pé ọwọ́ ń yún yín láti tò ó, gbogbo wa lọwọ́ máa ń yún.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Kọ́léèjì kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó débi tí mo wà yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ká to gbogbo kíláàsì Algebra bí ọmọ ṣe ń féèlì níbẹ̀ sí, tòun torúkọ tíṣà. Mo tò ó, mo fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé kùn ún, ó rẹwà lójú gan-an, orí mi wú. Ọ̀gá kan wá fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka lọ́jọ́ Friday. Ẹni tó wà lókè pátápátá nínú pupa yẹn, ìyá kan ni tó ti ń kọ́ Algebra lálẹ́ láti ogún ọdún, ẹni táwọn ọmọ ṣì máa ń padà wá kí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gboyè lọ. Ìyá náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní Monday ó kàn wá sí ọ́fíìsì mi, ó fa àga, ó jókòó, ó ní ṣé mo mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ń kúrò níwájú ọgbà. Mi ò mọ̀. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni. Kíláàsì tiẹ̀ ń parí ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ tí ò bá ní mọ́tò ti gbọ́dọ̀ dìde ní mẹ́sàn-án kọjá ogún, bẹ́ẹ̀ ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn yẹn ni ìyá náà máa ń fi ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á délé wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n ti máa mú un, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà wọ́n ti já koòsì sílẹ̀. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo pupa tí mo kùn yẹn, òkè ni mo ń wò.

Kò tán síbẹ̀ o. Sẹ̀mẹ́sítà tó tẹ̀lé e, iye tó ń féèlì já wálẹ̀ lójijì, àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́, àfi ìgbà táwọn ọmọ yẹn dé koòsì tó kàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú yakata. Àwọn tíṣà ti ń pín C bí ẹni ń pín ìrẹsì níbi òkú àgbà. Ta ló fẹ́ kí orúkọ òun tún wà nínú pupa?

Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ẹ̀rù ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ ju dátà nù. Ohun tí mo gbà ni pé dátà akẹ́kọ̀ọ́ dáa gan-an láti fi wá ìbéèrè táwọn tíṣà máa jọ jókòó tì. Ẹni tó bá fi wá tíṣà tí wọ́n máa bá wí, kò ní rí òótọ́ nínú ẹ̀ mọ́ láéláé, torí àwọn tíṣà ló ń kọ gíréèdì yẹn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́ kó dùn mọ́ ọ nínú.

Ara tó ń kán ọ̀gá yín, mo mọ ìdí ẹ̀. Lọ́dún 2023 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní HB 8, òun ló yí bí ìjọba ṣe ń fún community college lówó padà. Tẹ́lẹ̀, wákàtí táwọn ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú ìṣirò owó yẹn, ní báyìí owó ń tẹ̀lé ọmọ tó gba sáfíkéètì tàbí oyè tó lè fi rí iṣẹ́ gidi, ọmọ tó kọjá sí yunifásítì lẹ́yìn tó ti ṣe wákàtí 15 ó kéré tán, àtàwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó ń ṣe koòsì kọ́léèjì mọ́ ti wọn. Nítorí náà ọmọ tó bá já Algebra sílẹ̀ lónìí, owó ló já sílẹ̀ lójú ọ̀gá yín. Mi ò bá wọn wí, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Tí wọ́n bá wá ní kẹ́ ẹ fi iye ọmọ tó ń gboyè ṣe é, ẹ ní rárá. Nọ́ńbà ìgboyè tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé jáde tí gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí yẹn, ọmọ tó ń wọ ilé ìwé gíga fún ìgbà àkọ́kọ́ tó sì ń ṣe fúùtáìmù nìkan ni wọ́n ń tọpa ẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó parí oyè ọlọ́dún 2 láàárín ọdún 3. Ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń tọ́jú arúgbó lóru tó ń mú koòsì kan ní sẹ̀mẹ́sítà kan ò sí nínú ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀ ló kún ilé ìwé wa. Àti pé nọ́ńbà ọlọ́dún mẹ́ta ò lè sọ ohun tí tíṣà máa ṣe ní Tuesday tó ń bọ̀.

Ẹ ò ní lọ jìnnà láti rí àpẹẹrẹ tó dáa, ìpínlẹ̀ yín náà ló ti ṣẹlẹ̀. Odessa College, ní ìwọ̀ oòrùn Texas, níbi tí kànga epo Permian Basin wà yẹn. Ní nǹkan bí 2011 ọmọ ń já koòsì sílẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mọ ohun tí kálukú máa sọ: owó epo ló ń fà wọ́n lọ, tálákà ni wọ́n, sẹ́kọ́ńdírì ò kọ́ wọn dáadáa, ọmọ àti iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Don Wood tó ń bójú tó dátà ilé ìwé náà nígbà yẹn wá kó gbogbo ẹ̀ jọ, ó wò ó ní ti ọkùnrin àti obìnrin, ó wò ó ní ti ẹ̀yà, ó wò ó ní ti owó, kò rí èyí tó ṣàlàyé ẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ ńlá ti yọjú ni láti kíláàsì dé kíláàsì. Kíláàsì kan wà tó jẹ́ pé bóyá ni ọmọ kan máa kúrò níbẹ̀, òmíì wà tí wọ́n ń rẹ̀ dànù bí ewé, irú ọmọ kan náà ló sì wà nínú méjèèjì.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yẹn rèé. Ilé ìwé tó pọ̀, tí wọ́n bá ti rí irú nǹkan báyìí, àwọn tí ọmọ ń sá fún ni wọ́n máa pè wá sí ọ́fíìsì. Àwọn ará Odessa lọ bá àwọn tí ọmọ ò sá fún, wọ́n bi wọ́n pé kí lẹ̀ ń ṣe. Àwọn tíṣà yẹn ò jọra o, ọwọ́ tí kálukú fi ń kọ́ni yàtọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin wà tí gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ń fi orúkọ pe ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọmọ, tí ọmọ bá ti pa kíláàsì jẹ tàbí tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ń wá a kiri, wọn ò dúró dìgbà ìdánwò. Wọ́n ń bá ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó lójúkojú. Ìkẹrin ni pé òfin kíláàsì wọn ṣe kedere, ó sì le, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rọ̀ ọ́ fún ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n wá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ àwọn tó kù, Drop Rate Improvement Program ni wọ́n sọ ọ́, àwọn tó ń já koòsì sílẹ̀ sì dín kù gan-an. Nígbà tó di 2014 ni wọ́n tún wá gé ọ̀pọ̀ koòsì wọn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, àwọn kan máa ń fi rẹ́rìn-ín, pé ṣé gbogbo dátà náà ò ju kí tíṣà mọ orúkọ ọmọ lọ. Èmi tí wọ́n ti pe orúkọ mi bó ṣe wù wọ́n lórílẹ̀-èdè yìí, tí tíṣà kan tiẹ̀ wò ó lọ wò ó bọ̀ tó ní "ẹni tí orúkọ ẹ̀ fi O bẹ̀rẹ̀", mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí wọ́n wò. Jíjá koòsì sílẹ̀ ni. Gíréèdì, ọwọ́ tíṣà ló wà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá máa lọ, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi ń lọ. Ṣùgbọ́n ní Texas ẹ ò lè wo ìyẹn nìkan o, torí òfin yín ti 2007 yẹn, pé ọmọ ò gbọ́dọ̀ já ju koòsì mẹ́fà lọ ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń ṣe oyè àkọ́kọ́. Ọmọ mìíràn lè jókòó kó gba F dípò kó lo ọ̀kan nínú mẹ́fà ẹ̀. Nítorí náà ẹ ro W (àmì tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó já koòsì sílẹ̀) àti F pọ̀, kẹ́ ẹ sì tún ní kí wọ́n ya F ọmọ tó kọ ìdánwò ìparí sọ́tọ̀ kúrò lára F ọmọ tí ò fojú kan kíláàsì mọ́ láti October. Ọ̀rọ̀ méjì ni, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ tíṣà yàtọ̀ pátápátá.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ihò ni PD lè dí. Tíṣà ìṣirò ni yín, ẹ bá mi ṣe èyí. Ká ní ilé ìwé kan ní koòsì àtúnṣe mẹ́ta tí ọmọ gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó dé ti kọ́léèjì gangan. Ká ní tíṣà ibẹ̀ mọṣẹ́ débi pé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ń páàsì koòsì kọ̀ọ̀kan, tí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó páàsì sì ń forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó kàn. Ọmọ 100 wọlé. 80 páàsì. 64 forúkọ sílẹ̀ fún èkejì, 51 páàsì ẹ̀, 41 lọ síwájú, 33 páàsì ìkẹta, 26 dé ti kọ́léèjì, 21 páàsì ẹ̀. Ọmọ 79 ti dànù sójú ọ̀nà, kò sì sí tíṣà kan tẹ́ ẹ lè nawọ́ sí pé òun ló dà wọ́n nù. Irú ìṣirò yìí ni Katie Hern àti Myra Snell tó dá California Acceleration Project sílẹ̀ lọ́dún 2010 ń gbé kiri, kó tó di pé California ṣòfin AB 705 lọ́dún 2017 tó ní gíréèdì sẹ́kọ́ńdírì ọmọ ni kí wọ́n máa wò kí wọ́n tó ní kó lọ ṣe àtúnṣe. Ẹni tó bá ń pe àwọn tíṣà àtúnṣe sí wọ́kṣọ́ọ̀pù lọ́dọọdún nítorí ọmọ 79 yẹn, ó ń fi omi wẹ ẹni tébi ń pa.

Texas náà ti ṣe tiwọn, HB 2223 ti 2017 ló ní kí wọ́n máa gbé àtúnṣe mọ́ koòsì kọ́léèjì ní sẹ̀mẹ́sítà kan náà, nítorí náà kíláàsì yín á ti mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí PD ti wá wúlò nìyẹn, lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ti tọ́. Ní Maryland níbí, Peter Adams ní Community College of Baltimore County ti ń wo dátà àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àtúnṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó rí i pé púpọ̀ wọn kì í tilẹ̀ dé English 101, koòsì Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní kọ́léèjì, rárá, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ Accelerated Learning Program lọ́dún 2007 nìyẹn. English 101 ni wọ́n ń fi ọmọ sí tààrà, ìwọ̀nba wọn láàárín àwọn tó kù, lẹ́yìn náà tíṣà kan náà á tún kó wọn jọ sí kíláàsì kékeré. Ẹ wá ro tíṣà tó ti ń kọ́ gírámà àti dí-àlàfo fún ogún ọdún, tí wọ́n ní kó máa bá ọmọ tí ẹ̀rù ìwé kíkọ ń bà ṣe àròkọ ti kọ́léèjì. Ó mọ ohun tí òun ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ìpàdé, á ti débẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fáìlì yín. Nọ́ńbà kékeré a máa purọ́. Nínú kíláàsì ọmọ 20, ọmọ kan ṣoṣo ti di 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọmọ méjì bá kó lọ sí Houston tí ìkẹta bímọ, tíṣà ti wọ inú pupa. Ẹ má wo ohun tó kéré sí sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà. Kẹ́ ẹ sì má fi ọ̀sán wé òru. Ẹ wo tíṣà méjì yìí, mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ ni o, kálukú kọ́ ọmọ 120. Àǹtí Kíní kọ́ 30 lọ́sàn-án, 6 kúrò, ó kọ́ 90 lálẹ́, 36 kúrò. Bùrọ̀dá Èkejì kọ́ 90 lọ́sàn-án, 21 kúrò, ó kọ́ 30 lálẹ́, 13 kúrò. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, Àǹtí pàdánù 42, ìyẹn 35 nínú ọgọ́rùn-ún, Bùrọ̀dá pàdánù 34, ìyẹn 28, wọ́n á ní kí Àǹtí lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bùrọ̀dá. Ẹ wá wò ó lọ́sàn-án nìkan: 20 ni ti Àǹtí, 23 ni ti Bùrọ̀dá. Lálẹ́ nìkan: 40 ni ti Àǹtí, 43 ni ti Bùrọ̀dá. Àǹtí ló mọ ọmọ dì mú jù lọ́sàn-án, òun náà ni lálẹ́, òun ló tún máa gba lẹ́tà. Mo ti rí èyí lójú ayé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn tó máa ń gbà láti kọ́ alẹ́ ló sábà máa ń jìyà ẹ̀.

Tí nọ́ńbà bá ti tọ́ yín sí ibi tí ọ̀ràn wà, ó ku kẹ́ ẹ lọ gbọ́ tẹnu ẹlòmíì, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹ bi ilé ìwé yín bóyá wọ́n ń ṣe CCSSE, ìbéèrè tí wọ́n ń pín fún ọmọ community college, University of Texas ní Austin ló ń ṣètò ẹ̀, ó ní èyí tí wọ́n ń pín fáwọn tíṣà náà. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Tíṣà á ní òun máa ń sọ fọ́mọ bó ṣe ń ṣe sí kíá, ọmọ á ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú wọn, tíṣà ti kọ kọ́mẹ́ǹtì sínú Canvas, ìkànnì tí kíláàsì ń lò, ọmọ ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti rí i. Ìdajì wákàtí lẹ máa fi yanjú ìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ n sọ bá a ṣe ń ṣe é níbi tí mo wà, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tó ṣiṣẹ́. Koòsì kan la máa ń mú, ọ̀kan péré, èyí tí ọmọ pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tíṣà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìdajì wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ adjunct, àwọn tó ń kọ́ koòsì kan méjì tí wọ́n á tún sáré lọ sí ilé ìwé mìíràn, torí jákèjádò Amẹ́ríkà nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tíṣà community college ni pátìtáìmù. Ẹ san owó fún wọn, wákàtí tí wọ́n bá lò lẹ máa san, ẹ má fún wọn ní sáńwíìṣì kẹ́ ẹ ní ẹ ti ṣe é. Tówó ò bá sí, ẹ dín iye ìpàdé kù, ẹ má dín owó tíṣà kù. Ẹni tó máa ń wá láti ìlú òkèèrè wá sọ̀rọ̀ wákàtí méjì ní August tó máa gba owó ńlá lọ, owó ẹ̀ yẹn á tó wọn fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Mi ò tíì rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan yẹn yí nǹkan kan padà ní kíláàsì, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹni tó bá ti rí i dá mi lóhùn.

Lọ́dún kan a mú ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìdánwò Algebra tí gbogbo kíláàsì jọ ṣe, −2x < 6. Ọmọ tó gbà á ò pọ̀. Àwa ní ọ́fíìsì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé "wọn ò mọ bí àmì ṣe ń yí padà", a ti fẹ́ ra fídíò lé e. Tíṣà kan wá ní ká gbé ìwé àwọn ọmọ wá ná, a yọ orúkọ kúrò, a tẹ́ ọgbọ̀n rẹ̀ sórí tábìlì. Àwọn kan kọ x < −3, wọn ò yí àmì, ìyẹn la retí. Àwọn kan yí i dáadáa níbẹ̀, àmọ́ ní ìbéèrè kejì, 2x < −6, níbi tí kò yẹ kó yí, wọ́n yí i síbẹ̀ náà. Wọ́n ti rí àmì ìyọkúrò, wọ́n ti yí àmì, ó tán! Ìyẹn ni pé àwọn yìí gbọ́ ohun tá a kọ́ wọn, wọ́n há a sórí gbọnyingbọnyin, bá a ṣe kọ́ wọn gan-an ló ṣì wọ́n lọ́nà. Inú yàrá yẹn dákẹ́. Tíṣà tó dàgbà jù níbẹ̀ ní "gbólóhùn tèmi nìyẹn, 'tẹ́ ẹ bá ti rí máínọ́ọ̀sì, ẹ yí i'." Wọ́n jọ jókòó wá ọ̀nà mìíràn, pé kí ọmọ máa mú nọ́ńbà kan fi dán ìdáhùn ẹ̀ wò lórí ìlà nọ́ńbà, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún gbé ìwé tuntun wá. PD tí mo mọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gba sáfíkéètì.

Valencia College ní Orlando, tó gba Aspen Prize àkọ́kọ́ lọ́dún 2011, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún community college tó bá ta yọ, ti sọ irú ẹ̀ di ara ọ̀nà tí tíṣà tuntun fi ń di òṣìṣẹ́ tí wọn ò lè dédé lé. Tíṣà á yan ohun kan tó fẹ́ túnṣe nínú kíkọ́ni ẹ̀, á fi ẹ̀rí látinú iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀ hàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, ó gba ọdún pípẹ́ kí ilé ìwé tó dé irú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wàyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ilé ìwé ní Nàìjíríà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń lẹ èsì mọ́ ara pátákó, gbogbo wa á rọ́ lọ síbẹ̀, a ó máa fìka wá nọ́ńbà ara wa, a ó sì tún wá ti ọ̀rẹ́. Níbí, FERPA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1974 tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ò gba irú ẹ̀ láàyè. Tíṣà tó wà nínú ẹgbẹ́ yín ò gbọ́dọ̀ rí gíréèdì ọmọ tí kì í ṣe tiẹ̀ tó ṣì ní orúkọ lára. Kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ orúkọ, tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé "obìnrin, ọmọ Áfíríkà, kíláàsì alẹ́", tó sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn ti mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ọ́fíìsì tó ṣe fáìlì yẹn máa pa àwùjọ tí kò bá tó ọmọ mẹ́wàá mọ́. Ní ti orúkọ tíṣà, ẹ gbà á lákọọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá yín pé ohun tẹ́ ẹ bá lò fún PD ò ní wọ inú ìwé tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gbà padà. Tí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ dá fáìlì yẹn padà fún wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó ní koòsì àti àkókò nìkan. Inú wọn lè má dùn. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán ṣì máa jókòó tì yín.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń fara sin fún àwọn tó ń ka irú fáìlì yìí. Ọjọ́ kejìlá kíláàsì ni wọ́n ń ka ọmọ ní Texas fún sẹ̀mẹ́sítà gígùn. Ẹni tó bá ti lọ kó tó di ọjọ́ yẹn kì í gba W, kò sí nínú mẹ́fà yẹn, kò sí nínú fáìlì yín, ńṣe ló dà bíi pé kò wá rí. Tíṣà kan lè ní W méjì péré kó sì jẹ́ pé ọmọ mẹ́sàn-án ti sá fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Nítorí náà ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́la pé iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kìíní lẹ̀ ń fẹ́, tòun ti iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá. Tó bá dé, ẹ kọ́kọ́ wá ìlà tiyín. Òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ jáde, orúkọ yín lórí ẹ̀ gàdàgbà, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín tábìlì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pe àwọn tíṣà jọ, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó ń lé àwọn ọmọ yín lọ.